Fáìlì ìjọba ìbílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní rẹ́jísírì, yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n tó ní kí n wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kó fáìlì wọ inú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í pè mí láti káńsù mìíràn pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é ní tiyín?" Àwọn ará ìlú tó ń dúró lẹ́nu fèrèsé náà ní ìbéèrè tiwọn. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí, mo sì dáhùn bí mo ṣe máa dáhùn ká ní a jókòó ti ara wa.

Kí ni ìtọ́jú ìwé nínú kọ̀ǹpútà gan-an? Ṣé kí a ṣáà ya fọ́tò gbogbo ìwé ni?

Rárá o. Bí ẹ bá ya fọ́tò ìwé 10,000 tí ẹ dà á sínú fọ́ldà kan, òkìtì ìwé lẹ sọ di òkìtì fọ́tò. Òkìtì ìwé tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ mọ̀ pé fáìlì aláwọ̀ ewé tó ti ya létí yẹn ni ti ọjà.

Ètò tí à ń wí gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nígbàkígbà. Ìwé wo nìyí? Inú fáìlì wo ló wà? Ta ló ti gbà á, kí ló sì kọ sí i? Títí di ìgbà wo la máa tọ́jú rẹ̀? Rẹ́jísírì àtijọ́ ní ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo fáìlì ló ní nọ́ńbà lára. Gbogbo ojú ìwé inú rẹ̀ ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lókè lápá ọ̀tún, kí ẹnikẹ́ni má baà fa ọ̀kan yọ kí a má mọ̀. Ìwé ńlá kan wà tí à ń kọ fáìlì sí bó bá ń jáde, ẹni tó bá gbà á yóò sì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá bá kọ "KIV", a mọ̀ pé ká máa fojú sí i lára. Bó bá kọ "BU" pẹ̀lú ọjọ́, lọ́jọ́ náà gan-an la gbọ́dọ̀ gbé e padà síwájú rẹ̀. "PA" ní tirẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo èyí láìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ibi tí rẹ́jísírì bá ti dàrú, kọ̀ǹpútà kò lè bá yín tò ó. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo káńsù tó bá pè mí nìyẹn, mi ò sì tíì rí ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣe kábíǹẹ́ẹ̀tì? Ṣebí ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìyá kan wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan. Wolé-wolé ni ọkọ rẹ̀, ó fi iṣẹ́ yẹn sin káńsù títí ó fi kú. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ìyá ń tọ̀, fáìlì ọkọ rẹ̀ la sì nílò kí a tó lè ṣe ohunkóhun. Ìwé ńlá wa fi hàn pé fáìlì ti jáde lọ sí ọ́fíìsì àwọn onísírò owó. Ẹnìkan fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí náà dà bí okùn tó lọ́ pọ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti gba pósítìnì lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Gbogbo ọjọ́ Tuesday ni ìyá yìí ń wá. Yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà, yóò fi báàgì lé itan, kò ní í pariwo.

Ọ̀sẹ̀ keje la tó rí i. Wọ́n ti tò ó mọ́ àwọn fáìlì mẹ́ta mìíràn, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lé wọn lórí kí omi òjò tó ń wọ yàrá má baà kan ẹ̀rọ náà. Ikán ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, ojú ìwé kìíní dé ìkẹrin ń dà sílẹ̀ bíi gàrí. Lẹ́tà tí wọ́n fi gba bàbá síṣẹ́ wà lára wọn. Ká ní a ní ẹ̀dà kan ṣoṣo níbòmíràn, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò ní í gbà ju wákàtí kan lọ.

Ikán àti òjò nìyẹn o. Ti iná tún wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé EndSARS, wọ́n dáná sun Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Igbóṣeré ní Ìlú Èkó. Ẹ bi àwọn agbẹjọ́rò tí ẹjọ́ wọn wà níbẹ̀ léèrè bí ìdààmú wọn ṣe tó.

Fáìlì wo ni ká fi bẹ̀rẹ̀?

Ti ọ̀la. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ á fẹ́ kọ́kọ́ lọ gbé àwọn fáìlì ọdún 1976, ọdún tí wọ́n tún ìjọba ìbílẹ̀ tò jákèjádò Nàìjíríà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ sì sọ pé láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé yóò gba nọ́ńbà, yóò sì wọ kọ̀ǹpútà kí ó tó dé tábìlì ọ̀gá. Bí iṣẹ́ yẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ wá máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Nínú ti ẹ̀yìn, èmi á fi fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú, pàápàá àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn wọn ni ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ṣọ́ọ̀bù ọjà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí kò sí láàárín ìgboro, èyí tó mú kí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ìdílé kan ní. Ìwé ìpàdé káńsù náà ṣe pàtàkì. Ìwé tí wọ́n fi ra bébà àti íǹkì lọ́dún 1998 lè dúró.

Báwo la ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ nínú kọ̀ǹpútà?

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ̀rọ skáánà yóò fúnra rẹ̀ pe ìwé ní "Scan0001". Ọ̀la yóò tún pe òmíràn ní "Scan0001". Àwa náà á wá dá tiwa sílẹ̀: "lẹ́tà alága", "lẹ́tà alága tuntun", "lẹ́tà alága tuntun gan-an". Mo ti rí fọ́ldà kan tó ní mẹ́fà irú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tí alága fọwọ́ sí.

Ẹ kọ ọjọ́ ṣáájú, kí ọdún ṣíwájú oṣù, kí oṣù ṣíwájú ọjọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà fáìlì, kí ó tó kan ohun tí ìwé náà jẹ́, ní ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí àpẹẹrẹ, lẹ́tà tó wọlé ní ọjọ́ keje oṣù kẹta 2024 nípa ṣọ́ọ̀bù 114 lè jẹ́:

2024-03-07_OJA-114_iwe-iyalo

Nígbà tí ọdún bá ṣáájú, kọ̀ǹpútà yóò tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi ọjọ́ ṣáájú ọdún, gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù láti ọdún gbogbo ni yóò kó jọ sójú kan. Ẹ tẹ àlàyé yìí sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lókè skáánà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá àṣà tirẹ̀ sílẹ̀, títí kan ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà jù lọ láàárín yín.

Orúkọ Yorùbá nkọ́? A máa ń wá ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà, a ò ní í rí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà fún wa kì í ronú kàn án. Ẹnìkan wà tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pè é ní Folashade, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ pè é ní Folasade, òun fúnra rẹ̀ ń kọ Fọláṣadé. Ó lọ́kọ, orúkọ ìdílé yí padà. Ó re Mẹ́kà, ó dé, ó di Alhaja. Ènìyàn kan ṣoṣo ni gbogbo èyí, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí márùn-ún.

Ohun kan tún wà tó fara pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà "ẹ" tí ẹ̀ ń wò yìí, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ "e" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dúró lọ́tọ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀ síra. Bí akọ̀wé kan bá tẹ orúkọ láti orí fóònù, tí ẹlòmíràn sì fi kọ̀ǹpútà wá a, ó lè sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín ṣe ètò náà rí i dájú pé ó ń sọ gbogbo rẹ̀ di oríṣi kan ṣoṣo kó tó tọ́jú rẹ̀. Unicode NFC ni wọ́n ń pe oríṣi náà, yóò mọ̀ ọ́n.

Ní tiwa, ibi mẹ́ta la ń kọ orúkọ sí. Àkọ́kọ́ ni orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe ń kọ ọ́, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Èkejì kò ní àmì kankan, fún wíwá nìkan. Ẹ̀kẹta ni àwọn orúkọ mìíràn tó ti jẹ́ rí. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tàbí NIN ló wá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìgbà tí a ṣe èyí ni wíwá orúkọ tó dẹrùn, kì í ṣe ìgbà tí a ra ẹ̀rọ.

Irú skáánà wo la máa rà, iṣẹ́ náà á sì pẹ́ tó báwo?

Ẹ ra èyí tó ń gbé ìwé wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tí à ń ṣí ìdérí rẹ̀ ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan dára fún ìwé tó ti gbó àti ìwé ńlá tí wọ́n dì pọ̀. Ìwọ̀n 300 dpi (iye àmì kéékèèké tí ẹ̀rọ ń yà nínú ínṣì kan) tó fún lẹ́tà. Ẹ má jẹ́ kí ó tọ́jú ìwé ní fọ́tò aláwọ̀ tí wọn ò fún pọ̀: ojú ìwé A4 kan ní 300 dpi lè tó MB 26 bẹ́ẹ̀. PDF/A ni kí ẹ fi tọ́jú wọn, oríṣi PDF tí wọ́n dìídì ṣe kó lè ṣeé ṣí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ti àkókò, yíyọ pín kúrò lára ìwé ló ń gba ọjọ́, ẹ̀rọ kì í pẹ́. Ẹ ó yọ pín, ẹ ó tú okùn fáìlì, ẹ ó na etí ìwé tó ká, ẹ ó wo nọ́ńbà ojú ìwé bóyá ọ̀kan ti sọnù. Bí ẹnìkan bá lè ṣe 500 ojú ìwé lóòjọ́, kábíǹẹ́ẹ̀tì tó ní 10,000 ojú ìwé á gba ọjọ́ iṣẹ́ 20. Ẹ ka kábíǹẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó ṣèlérí fún alága.

Iná kì í sí, íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ ń bọ̀.

Kò yẹ kí ó dí yín lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kan lè dúró nínú sẹkitéríàtì bí ilé ìṣúra, kí àwọn ọ́fíìsì yòókù fi wáyà so mọ́ ọn, kí gbogbo rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ fún òun àti skáánà ní ínfátà àti bátìrì. Kò pọn dandan kí jẹnẹrétọ̀ gbé gbogbo ilé. Kí ìwé ńlá wa àtijọ́ má kúrò lórí tábìlì. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ pátápátá, ibẹ̀ ni ẹ ó kọ ọ́ sí, bí iná bá sì dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ẹ tó lọ sílé.

Ètò kọ̀ǹpútà wo ló dára?

Ọ̀fẹ́ wà. Mayan EDMS àti Paperless-ngx jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbé wọ kọ̀ǹpútà láìsanwó, ṣùgbọ́n ẹ nílò ẹnìkan tó lè bójú tó wọn. Bí ẹ bá fẹ́ gba kọńtírákítọ̀, ìbéèrè kan ni kí ẹ fi ṣáájú: "Bí a bá pínyà lọ́la, báwo ni a ṣe máa kó gbogbo ìwé wa àti àkọsílẹ̀ wọn jáde?" Bí kò bá ní ìdáhùn tó ṣe tààrà, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè ka ohun tó wà nínú ìwé tí a skáànì?

Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kà á dáadáa. Tesseract, ètò ọ̀fẹ́ kan, ní ti Yorùbá pẹ̀lú, àmọ́ àmì ohùn máa ń dà á láàmú. Ìwé àfọwọ́kọ àwọn akọ̀wé àtijọ́, ojú ènìyàn la ṣì ń lò fún un.

Lẹ́yìn tí a bá ti skáànì, ṣé ká dáná sun àwọn ìwé náà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan tó lè fúnra rẹ̀ pinnu pé kí ìwé ìjọba di eérú.

Ẹ wo ohun tó wà ní National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló rìn káàkiri ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1959 láti wo ipò tí ìwé ìjọba wà, iṣẹ́ yẹn ló sì bí ilé ìtọ́jú ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1954. Lẹ́tà láàárín ọba àti àjẹ́lẹ̀, ìwé owó orí, ẹjọ́ ààlà, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ nínú àwọn àpótí tí wọ́n kọ "Oyo Prof" àti "Iba Div" sí, ìyẹn àgbègbè Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn nígbà ìjọba òyìnbó. Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ ti ìgbà tiwọn ni. Ìdílé ti lọ síbẹ̀ láti mọ ẹni tó jẹ oyè ṣáájú ẹni. Ká ní akọ̀wé kan ti sọ pé kò wúlò mọ́, a ò bá má mọ̀ ọ́n.

Ìwé tí àkókò rẹ̀ ti kọjá lóòótọ́, bí ìwé gbígba ìsinmi ráńpẹ́, ẹ tẹ̀lé àṣẹ tó wà nílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ dà nù, ọjọ́ rẹ̀ àti ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ilé ẹjọ́ ń gba ìwé inú kọ̀ǹpútà?

Wọ́n ń gbà á. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ ohun tó yẹ kí ẹ fi hàn: pé iṣẹ́ yìí ni ẹ máa ń lo kọ̀ǹpútà náà fún, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó o. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní 2023 tún mẹ́nu ba àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ àti ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ. Ẹ rí i pé ilé ẹjọ́ náà, ètò yín ló máa bi yín léèrè.

Ta ló lè wo fáìlì mi?

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn án nìkan. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 de ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bí ìwé àwọn ènìyàn bá jáde sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti sọ fún àjọ tó ń mójú tó o. Ìròyìn àìsàn tó wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́ kò yẹ kó wà níbi tí gbogbo kílákì ti lè ṣí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin yìí bo ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún yín ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tó béèrè lóhùn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Iye tí ẹ ná sórí gọ́tà kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni.

A máa ń fi ìwé ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ló burú níbẹ̀?

Ó yára, mo mọ̀, èmi náà ti ṣe é rí. Àmọ́ ìwé káńsù ti wà nínú fóònù ẹnìkan nìyẹn. Wọ́n lè jí fóònù náà, ẹni tó ni ín lè fẹ̀yìn tì, ìwé bá a lọ. Ẹ fi WhatsApp sọ pé "lẹ́tà ti wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí". Ìwé fúnra rẹ̀, inú ètò ni kó wà.

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù tí à ń fi wọ ètò náà tún wà. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá gba pósítìnì lọ sí káńsù mìíràn ni kí ẹ ti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ pa. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ jọ lo pásíwọ́ọ̀dù kan, torí ètò náà ń kọ orúkọ ẹni tó ṣí ìwé, ẹni tó yí i padà àti aago tó ṣe é. Bí ẹni márùn-ún bá ń jẹ́ "admin", a tún ti padà sí ìfọwọ́sí tó dà bí okùn nìyẹn.

Bí wọ́n bá jí kọ̀ǹpútà náà nkọ́?

Ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan má gbé inú ọgbà kan náà. Flash tó wà nínú dúróòrù tábìlì kan náà, olè kan náà ló máa gbé e. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú ìwé mẹ́wàá láti inú ẹ̀dà kẹta, kí ẹ gbìyànjú láti ṣí wọn.

Ṣé wọn ò ní lé àwa tó wà ní rẹ́jísírì?

Mo mọ ẹ̀rù yìí, ó ti bà mí rí. Ẹni tó mọ̀ pé fáìlì ilẹ̀ abúlé kan wà lábẹ́ orúkọ baálẹ̀ tó kú ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí ẹ̀rọ tó mọ ìyẹn. Bí ọ̀gá bá fi àwọn ọmọ tuntun síbẹ̀ láìsí yín, ìwé náà á wọlé ní wúruwùru. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá pẹ̀lú: ẹ fi àgbà kílákì ṣe olórí iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì fi ẹni tó mọ ẹ̀rọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ará ìlú ni mí. Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún mi?

Ẹ ti rí ìyá tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ọmọ tó wà ní London tí wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú wá náà wà níbẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ nítorí rẹ̀. Ibi tí ètò bá ti wà, a lè wò ó bóyá a ti fún ẹnìkan nírú ìwé yẹn rí, ayédèrú á sì hàn. Láti òní, bí ẹ bá mú lẹ́tà wá sí káńsù, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé, kí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀dà yín. Ẹ má kúrò lẹ́nu fèrèsé láìgbà á.

A ò ní owó. Kí la lè ṣe lọ́jọ́ Monday?

Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ má dúró de owó náà. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ fa ìlà sí i: nọ́ńbà fáìlì, àkọlé rẹ̀, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, iye ojú ìwé, ibi tó wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti pẹpẹ òkè lápá òsì, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ sì kọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí ẹ ò rí. Àkójọ yìí ni ẹ ó tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tó bá dé. Tiwa ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo kọ síbẹ̀ ni: "Ọjà, apá kejì. Kò sí lórí pẹpẹ." Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé a ti rí i.